Ohun Tí Dimo Olóyin Ì Bá Sọ

Gitsa tó ń fi ọkọ̀ kó búrẹ́dì kiri ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, nígbà tí búrẹ́dì mi ṣì gbóná lábẹ́ apá mi. Gitsa a máa bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹsẹ̀ mi fúyẹ́ díẹ̀, mo gun òkè lọ sí abúlé Gorna Krusha, mo bi Tsonka fúnra rẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò ti bára mu, ti Tsonka ni mo gbà. Tsonka ló kọ́ mi ní ìwé kíkà lẹ́yìn tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, n kò sì ká irọ́ mọ́ ọn lẹ́nu rí, àfi èyí tí mo fẹ́ sọ yìí.

Láti ìgbà tí Tsonka ti wà ní ọ̀dọ́bìnrin ló ti ń mójú tó ilé ìkàwé Gorna Krusha. Yàrá kan ṣoṣo ni. Sítóòfù onígi kan wà níbẹ̀, àti tábìlì gígùn kan, ìwé sì kún ara ògiri láti ilẹ̀ dé àjà. Nígbà kan rí, bó bá ti di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, àwọn olùkàwé á yí sítóòfù náà ká, kálukú pẹ̀lú ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán. Kò pọn dandan kí wọ́n ka ìwé kan náà. Ẹnìkan lè ka ìtàn apànìyàn, ẹnìkejì á ka ewì, ẹnìkẹta á ka ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀dọ̀. Kálukú á sọ ohun tó rò, àwọn yòókù á ta kò ó, wọ́n á fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, rakia, ọtí líle wa, á máa yí ká nínú ife kéékèèké. Kí wọ́n tó lọ sílé, kálukú á kọ èrò rẹ̀ sínú ìwé ńlá kan tí èèpo rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé. Ìwé Èrò ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ ara mi kọ gbólóhùn kan sínú rẹ̀, Penka Aránṣọ ní kí gbogbo ènìyàn sún sẹ́yìn, pé ó jọ pé mo fẹ́ fi gègé gún ẹnìkan.

Àwọn ọ̀dọ́ lọ sí Sípéènì àti Jámánì. Àwọn àgbà ń kú. Stamo tó ń pọn rakia kú. Penka kú. Ganyo tó wa bọ́ọ̀sì fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kú. Abúlé tèmi wà nísàlẹ̀ òkè, ẹsẹ̀ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, n kò lè gòkè lọ mọ́ àfi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, àwa tó ṣẹ́kù ń rán Gitsa ní ìwé: á já búrẹ́dì sílẹ̀, á gba ìwé tí a ti kà, á fún wa ní tuntun tí Tsonka fi rán an. Ìwé ń lọ, ìwé ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń jókòó sọ ohunkóhun. Ọjọ́bọ̀ lè tẹ̀lé Ọjọ́bọ̀, kí Tsonka má gbọ́ ohùn kankan nínú yàrá yẹn ju ti igi tó ń jó lọ.

Nínú àwọn tó máa ń jókòó, Dimo Olóyin ló kú kẹ́yìn. Ọkùnrin gíga ni, ó ní ilé oyin ogójì, kò sì sí ìwé tó tẹ́ ẹ lọ́rùn rí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá sin ín, kó tó padà sí Sípéènì ó dá ìwé kan tí bàbá rẹ̀ yá padà, ìtàn àwọn àlùfáà kan tí wọ́n ń sin oyin lórí òkè. Bébà kékeré kan wà láàárín rẹ̀. Dimo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹni tó kọ ìwé yìí kò rí oyin rí, torí pé ní ojú ewé ọgọ́ta ó ní". Ó parí síbẹ̀.

Tsonka ṣí ojú ewé ọgọ́ta. Ó rí i níbẹ̀ pé oyin ń fò kiri láàárín òdòdó lábẹ́ òṣùpá. Ó mú gègé, kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó parí gbólóhùn náà: "ó ní oyin ń jáde lóru. Ṣé oyin ni àbí àdán? N kò ní í kà á mọ́ láyé mi." Ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rín náà dẹ́rù bà á, ó ti pẹ́ jù tí ẹ̀rín ti dún nínú yàrá yẹn. Ó da ọ̀rọ̀ náà kọ sínú Ìwé Èrò, ó kọ orúkọ Dimo sí abẹ́ rẹ̀ àti ọjọ́ tí oṣù jẹ́.

Ì bá ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà ayé wọn, Dimo kò sọ ọ̀rọ̀ kan rí kí Penka Aránṣọ má fèsì. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ Dimo dá wà lórí bébà, kò sí ẹni tó ta kò ó, ó sì dà bí ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Tsonka ka ìwé àwọn àlùfáà náà láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ojú Penka. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé: "Dimo, fi oyin sílẹ̀. Àlùfáà yẹn fi aṣọ kan ṣoṣo gun òkè fún odidi ọdún mẹ́ta, kò sì ya. Mo fẹ́ mọ ẹni tó rán an."

Bí wọ́n ṣe padà dé nìyẹn. Ganyo dé, ó ní ọlọ́pàá inú ìtàn apànìyàn kan kò lè ti etí òkun dé olú ìlú ní wákàtí méjì, àfi tó bá fò. Stamo dé, ó ní òun ka ìwé ẹ̀dọ̀ náà tán, òun sì mu ife kan kí òun má baà gbàgbé ohun tí wọ́n ní kí òun má mu. Láàárín ọdún mẹ́ta, àwọn mẹ́rìnlá ló ń kọ èrò sínú ìwé yẹn, kò sì sí ẹni tó wà láàyè nínú wọn.

Tsonka kò gbèrò láti tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n òfin kan wà nílùú pé ilé ìkàwé tí olùkàwé rẹ̀ bá dín ní ogún, wọn á tì í, wọn á sì kó ìwé rẹ̀ lọ. Nínú ìwé orúkọ Tsonka, ènìyàn mọ́kànlélógún ló wà. Àwa méje là ń mí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í, á ní ọwọ́ òun kò lè pa orúkọ Dimo rẹ́ nígbà tí Dimo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá.

Ní oṣù Kẹrin ọdún tó kọjá, lẹ́tà dé pé aṣojú kan ń bọ̀ láti ìlú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun láti wo ilé ìkàwé náà. Gitsa ló gbé lẹ́tà náà gòkè pẹ̀lú búrẹ́dì. Bó ṣe gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀, ojú ìlẹ̀kùn ló kọ́kọ́ wò.

Ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa. Bí ènìyàn bá kú, a ó tẹ àwòrán rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀ sórí bébà, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìlẹ̀kùn ilé rẹ̀ àti mọ́ ibi tó máa ń lọ. Tó bá pé ogójì ọjọ́, a ó lẹ òmíràn. Oṣù mẹ́fà, ọdún kan, ọdún mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ náà ni. Bébà mẹ́sàn-án ló wà lójú ìlẹ̀kùn ilé ìkàwé, òjò ti gba àwọn yòókù. Àwòrán Dimo ló tóbi jù.

Gitsa ní, "Àǹtí Tsonka, ẹ wá ọ̀bẹ fún mi. Ìṣẹ́jú márùn-ún, mo ti ha gbogbo wọn kúrò."

"O fẹ́ ha ojú Dimo?"

"Ojú Dimo kọ́, bébà ni! Dimo fúnra rẹ̀ á ní kí n ha á."

"Dimo á ní kí o kọ́kọ́ wẹ ọwọ́ ẹ."

"Ẹ máa ṣeré. Ẹni yẹn máa dé, á ka orúkọ nínú ìwé yín, á ka orúkọ lójú ìlẹ̀kùn, á sì rí i pé ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n."

"Gitsa, mo ti gbọ́. Òjò ló ń gba bébà òkú. Ta lo ti rí tó fọwọ́ ya á?"

Gitsa kò rí ẹnikẹ́ni rí, èmi náà kò rí i rí. Ó gbé agbọ̀n búrẹ́dì rẹ̀, ó ń kùn lọ pé ilẹ̀ yìí ló máa pa gbogbo wa, àti pé ẹni tó máa lẹ tiwa gan-an kò ní í sí mọ́.

Tsonka ronú ní òun nìkan. Ìta ni ìlẹ̀kùn ilé ìkàwé máa ń ṣí sí. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ṣí i gbayawu títí ó fi lẹ̀ mọ́ ògiri ìta, ó sì fi òkúta kan dá a dúró. Gbogbo àwọn mẹ́sàn-án kọjú sí ògiri. Kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ọ̀dọ́bìnrin ni aṣojú náà, Mirena lorúkọ rẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kò nípọn, imú rẹ̀ sì ti pọ́n nítorí òtútù kó tó dé ọ̀dọ̀ Tsonka láti ibi tí bọ́ọ̀sì já a sí.

"Ẹ kú ilé, mà."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Jókòó. Má jókòó sórí àga yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń ṣàárẹ̀."

Tsonka gbé banitsa gbígbóná, àkàrà òyìnbó onípele wa, síwájú rẹ̀, wàràkàṣì ń yọ́ létí rẹ̀. Ó bu tíì fún un. Síbẹ̀ atẹ́gùn ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó ń ṣí àwọn bébà orí tábìlì.

"Mà, ṣé a ò lè ti ìlẹ̀kùn?"

"Sítóòfù yìí ń rú èéfín. Tá a bá tì í, àwa méjèèjì á di ẹja gbígbẹ."

Mirena wo sítóòfù náà, kò rí èéfín kankan, ṣùgbọ́n a ti kọ́ ọ nílé. Ó di bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ dé ọrùn. Ó ka ìwé orúkọ, ó fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní mọ́kànlélógún ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ti tán, bí èèyàn bá fẹ́ kó tán. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì tó máa padà, aago mẹ́ta ló ń kọjá. Ó nawọ́ mú Ìwé Èrò.

"Èyí ńkọ́, mà?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àríwísí àwọn àgbàlagbà ni."

Mirena ti ṣí i. Ojú ewé kan, ojú ewé kejì. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín gbá a mú lójijì tó bẹ́ẹ̀ tí èérún banitsa fi fò jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú! 'Ewì yìí dára ṣùgbọ́n ó kúrú, mo kà á tán kí kọfí mi tó hó. Ẹni tó kọ ọ́ kò ní kọfí.' Ta ni Penka?"

"Aránṣọ ni."

"Stamo yìí ńkọ́? Ti ẹ̀dọ̀ yìí? Ó wà nílé? Mo fẹ́ lọ kí i."

"Ó ti jìnnà díẹ̀."

"Dimo Olóyin ńkọ́? Kò sí ìwé kan tó tẹ́ ẹ lọ́rùn! 'Ọkùnrin inú ìtàn yìí sunkún ní ìgbà mọ́kànlá. Mo kà á. Ìyàwó rẹ̀ kò sunkún lẹ́ẹ̀kan, òun ló sì ń fọ aṣọ.' Mà, mo gbọ́dọ̀ rí bàbá yìí. Ilé rẹ̀ dà?"

"Kì í jáde mọ́."

"Ara rẹ̀ ò yá ni?"

"Kò sí ibi tó ń dùn ún," ni Tsonka wí. Ó sọ fún mi pé gbólóhùn yẹn nìkan ni òun sọ lọ́jọ́ náà tí kò ní irọ́ nínú.

Mirena kàwé títí tíì rẹ̀ fi tutù. Ó sọ fún Tsonka pé àwọn méje ló wà ní ọ́fíìsì òun, tí òun bá sì ní òun ka ìwé kan, wọ́n á bi òun bóyá òun fẹ́ lọ ṣe ìdánwò. Ó ní òun ń gbé yàrá kan ní àjà kẹrin, òun máa ń kàwé tán, òun á pa á dé, òun á wo fèrèsé. "Ẹ̀yin ò mọ ohun tẹ́ ẹ ní níbí, mà. Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan! Ẹ̀yin àti gbogbo àwọn wọ̀nyí."

Tsonka dìde lọ fi igi sí iná. Igi ti wà níbẹ̀ tó.

Nígbà tó kù bí wákàtí kan kí bọ́ọ̀sì dé, Mirena kó àwọn bébà rẹ̀ sínú báàgì, ó dúpẹ́ oúnjẹ, ó sì jáde. Tsonka tẹ̀lé e, ó fẹ́ fi ara rẹ̀ dí ìlẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kọ́ nílé ni. Ó rí i pé òtútù ń mú ìyá àgbà, ó sì fẹ́ ti ìlẹ̀kùn fún un kó tó lọ. Ó fi ẹsẹ̀ ti òkúta sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fa ìlẹ̀kùn wá, àwọn mẹ́sàn-án yíjú sí i.

Ó ń ka orúkọ, ètè rẹ̀ ń mì. Penka. Ganyo. Stamo, pẹ̀lú ẹ̀rín rẹ̀ tí eyín kan kò sí nínú rẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Dimo, ó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán náà sókè: "Ọdún mẹ́ta láìsí rẹ." Ó yíjú sí Tsonka.

"Ó kọ èrò ní oṣù tó kọjá."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mà, ta ló kọ ọ́?"

"Wọlé," ni Tsonka wí. "Òtútù ti mú ẹ tó."

Wọ́n wọlé, wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn. Yàrá náà móoru kíákíá, kò sì sí èéfín kankan. Tsonka sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí gbólóhùn tí Dimo kò parí. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó ní, "Mi ò fi ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tiwọn sí wọn lẹ́nu. Ohun tí wọn ì bá sọ ni mo kọ. Mo bá wọn jókòó fún ogójì ọdún. Bí Dimo bá ń mí sínú báyìí, mo mọ̀ pé ó fẹ́ ta ko ojú ewé àkọ́kọ́. Bó bá mí síta, ojú ewé tó kẹ́yìn ni."

"Gbogbo ìwé inú èyí, ta ló kà á?"

"Èmi ni."

"Ó mélòó?"

"Ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ti Ganyo ni mo máa ń pẹ́ lórí rẹ̀, torí àwòrán ilẹ̀."

Mirena ṣí Ìwé Èrò lẹ́ẹ̀kan sí i, ó yẹ̀ ẹ́ wò láti ẹ̀yìn wá síwájú. "Mo ti wá ti yín, mi ò rí i. Èrò tiyín dà?"

Tsonka fi ìka wá orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé náà. Ó ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn dé ilé ara rẹ̀ tí kò rí kọ́kọ́rọ́. Ọdún mẹ́ta ló fi ka ìwé pẹ̀lú ojú Penka, pẹ̀lú etí Ganyo, pẹ̀lú ìbínú Dimo, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ mú ọ̀kan," ni Mirena wí. "Ìwé kan péré. Èyí tẹ́ ẹ ka kẹ́yìn."

Èyí tó kà kẹ́yìn jẹ́ ìtàn ọkùnrin kan tó ń tan iná fún àwọn ọkọ̀ ojú omi lórí àpáta kan láàárín òkun. Nínú Ìwé Èrò, Ganyo ti bẹnu àtẹ́ lu ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà. Penka ti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀wù ọkùnrin náà.

"Mi ò fẹ́ràn rẹ̀," ni Tsonka wí. Ohùn rẹ̀ kéré. "Ó dá wà lórí àpáta yẹn fún ogún ọdún, ìwé náà sì ní ó di ọlọ́gbọ́n. Irọ́ ni. Ẹni tó bá dá wà kì í di ọlọ́gbọ́n. Ó máa ń se oúnjẹ ènìyàn mẹ́rin, á jẹ ti ẹnìkan, á sì da ti àwọn mẹ́ta nù. Ìwé náà kò sọ ibi tó ń da oúnjẹ nù sí. Kò sọ pé ó ń fi àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ sílẹ̀ láìdì torí kò sẹ́ni tó máa rí i. Kò mọ nǹkan kan."

"Mi ò gbà," ni Mirena wí.

"Kí ni?"

"Mi ò gbà, mà. Mo ka ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Kò sọ pé ó di ọlọ́gbọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin!"

"Yẹ̀yẹ́ wo? Ọkùnrin kú tán, yẹ̀yẹ́ wo ló kù?"

"Ẹ lọ tún ojú ewé tó kẹ́yìn kà."

"Mo kà á! Ìwọ lo sùn lórí rẹ̀!"

"Èmi? Mo mọ̀ ọ́n lórí!"

Wọ́n gbé ìwé náà sọ̀kalẹ̀ láti orí pákó, wọ́n jọ tẹ̀ mọ́ ojú ewé kan, wọ́n ń fi ìka lu gbólóhùn, wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lẹ́nu. Tsonka ní etí òun gbóná. Ó pe ọmọ náà ní olórí kunkun, ọmọ náà ní kò sí ohun tí òun lè ṣe sí i, níbi tí òun ti wá, gbogbo èèyàn ló lórí kunkun. Kò sí ẹni tó ta ko Tsonka lójúkojú láti ọdún mẹ́ta. Gbogbo àwọn tó ń bá a jiyàn, òun ló ń mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ kí wọ́n tó sọ ọ́. Èyí kò mọ̀ rárá, bó sì ṣe ń ya á lẹ́nu léraléra ló ń dùn mọ́ ọn, ó ń fẹ́ kí aago dúró.

Aago kò dúró. Mirena wo ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó pa dà, ojú rẹ̀ yí padà.

"Mà, wọ́n ní kí n wá ka orúkọ inú ìwé orúkọ. Mo ti kà á, mọ́kànlélógún ni. Wọn ò ní kí n ka ìlẹ̀kùn."

Tsonka fa Ìwé Èrò mọ́ra.

"Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn máa wá nígbà tí ewé bá ń já. Ọkùnrin kan ni, mo mọ̀ ọ́n. Òun kì í ka ọ̀rọ̀, ọjọ́ tí oṣù jẹ́ ló máa ń kà. Orúkọ inú ìwé orúkọ, a lè sọ pé ẹ gbàgbé láti pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n Ìwé Èrò yìí ní ọjọ́ lórí. Òkú kọ ọ́ ní oṣù Kẹta, ó tún kọ ọ́ ní oṣù Kẹrin. Tó bá rí i, iṣẹ́ yín lọ, ilé yìí lọ, tèmi náà lọ, torí èmi ni mo kọ́kọ́ wá. Kò gbọ́dọ̀ wà níbí. Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ òmíràn."

"Kí n sun ún?"

"Rárá!" ni Mirena fi ariwo wí. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ fún mi."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ kà á tán."

"Tí mo bá ní mi ò fún ẹ?"

"Ẹ gbé e lọ sílé yín, ẹ máa kọ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń kọ ọ́, mi ò lè fọwọ́ sí irọ́. Mo máa kọ méje. Wọ́n á wá kó àwọn ìwé wọ̀nyí ní oṣù Kẹfà."

Tsonka wo ara ògiri, láti ilẹ̀ dé àjà. Ó ní òun kò ronú nípa ara òun lákòókò yẹn, mo sì gbà á gbọ́. Ó ronú nípa Lalka, ọ̀kan nínú àwa méje, tó ti wà lórí ibùsùn láti bí ọdún kan, tó jẹ́ pé ojú nìkan ló kù fún un, tó ń ka ìwé méjì lọ́sẹ̀. Ó ronú nípa èmi náà, bó ṣe sọ fún mi, pé ọdún díẹ̀ péré ni mo tíì fi kàwé láyé mi, òun kò sì lè já a gbà lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ó wo ìwé aláwọ̀ ewé náà. Dimo wà níbẹ̀, àti Penka, àti gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ rẹ̀.

Ó nu èérún banitsa kúrò lára rẹ̀ pẹ̀lú etí ìborùn rẹ̀. Ó gbé e fún Mirena.

"Ti Dimo, má gba gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́," ló wí. "Àwọn ìwé kan wà níbẹ̀ tó dára. Ẹnu rẹ̀ ló korò."

"Mo ti mọ̀, mà."

"Ṣé o máa wá ní Ọjọ́bọ̀ kan?"

Mirena mi orí. "Tí wọ́n bá rí mi níbí lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á béèrè ìdí. Mi ò lè wá."

Ó kọ mọ́kànlélógún sórí bébà rẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó ní kí Tsonka náà fọwọ́ sí i. Wọ́n jọ dé ẹnu ọ̀nà. Wọn kò gbá ara wọn mọ́ra. Mirena kàn ní, "Ẹ wọlé, mà, òtútù," Tsonka kò sì wọlé.

Gitsa wà nídìí ọkọ̀ rẹ̀ ní orígun ọ̀nà nígbà náà, ohun tó rí ló sọ fún mi ní àárọ̀ Jímọ̀ yẹn. Ó ní ọmọbìnrin náà ń sọ̀kalẹ̀ lọ síbi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró, báàgì rẹ̀ ní èjìká, ìwé ńlá kan ṣí sílẹ̀ ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó gbé àwo ọbẹ̀. Ó ń kà á bó ṣe ń rìn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú ihò kan. Bó ṣe dé ibi igi kan tó yẹ̀ sójú ọ̀nà, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó dún dé òkè.

Tsonka gbọ́ ọ. Ó tẹ̀ síwájú ní ìṣísẹ̀ méjì, ó sì ké sí i pé, "Ta ló pa ẹ́ lẹ́rìn-ín? Ṣé Penka ni?"

Atẹ́gùn kọjú sí Tsonka, ohùn rẹ̀ kò dé ìsàlẹ̀. Bọ́ọ̀sì ti dé. Ọmọ náà ṣí ojú ewé mìíràn, ó fi ìka kan há ibi tó kà dé, ó gun ọkọ̀, kò sì wẹ̀yìn.